Bí àjọ aláàánú ṣe lè ran àwọn arúgbó tí wọ́n ń rẹ́ jẹ lọ́wọ́, kí ìrànlọ́wọ́ náà sì tọ́jọ́

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí mo fojú ara mi rí. Mo wà ní ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń forúkọ àwọn àgbàlagbà sílẹ̀ fún owó oṣooṣù, ìyá kan wà níwájú mi lórí ìlà, wọ́n ní kó gbé àtàǹpàkò lé ẹ̀rọ, ó gbé e lé e, ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kó nu ọwọ́, ó nù ún. Wọ́n ní kó lo ìka míì, wọ́n ní kó lo ọwọ́ òsì, títí tó fi gbé ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lé e tán, iná pupa náà ni ẹ̀rọ ṣáà ń tàn. Aṣọ ni ìyá yìí ń fọ̀ fún èèyàn látìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ọ́, ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń ki ọwọ́ bọ omi ọṣẹ, gbogbo ìlà tó wà ní ìka ẹ̀ ló ti parẹ́, ó ń dán bí inú àwo. Iṣẹ́ tó fi ayé ẹ̀ ṣe ló pa ìlà ọwọ́ ẹ̀ rẹ́, torí ìlà ọwọ́ tó parẹ́ náà ni wọ́n ṣe wá sọ fún un pé àwọn ò mọ ẹni tó jẹ́. Wọ́n ní kó máa lọ ná, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni àjọ aláàánú kan wá sí àdúgbò yẹn, wọ́n gbé báàgì ẹ̀bùn dání, wọ́n to àwọn arúgbó, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Ìyá yẹn gba tiẹ̀, ó sì dúpẹ́ dáadáa. Ohun tó wà nínú báàgì yẹn ò lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Owó oṣooṣù tí wọ́n ò jẹ́ kó gbà yẹn, ṣe ni ì bá máa wọlé fún un títí ọjọ́ ayé ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọ́fíìsì sọ̀rọ̀ ló nílò, kó jókòó tì í.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fáńdéṣọ̀n nìyẹn, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá wọn ṣiṣẹ́, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dá ọ̀kan sílẹ̀: tẹ́ ẹ bá fowó yín bá arúgbó gba ẹ̀tọ́ ẹ̀ padà, owó yẹn á ṣiṣẹ́ ju kẹ́ ẹ fi ra ẹ̀bùn fún un lọ. Mi ò ní kẹ́ ẹ wo ẹni tí ebi ń pa níran o. Ẹ fún un lóúnjẹ lónìí, àmọ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín ìdí tí ebi fi ń pa á, kẹ́ ẹ wá lọ náwó síbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́

Àìdọ́gba táwọn arúgbó ń jìyà ẹ̀ ò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pé ọdún 60, ó ti ń kó jọ tipẹ́. Ọmọbìnrin tí wọn ò rán lọ síléèwé, ó dàgbà, ó ṣiṣẹ́ tí kò ní ìwé kankan, owó tí wọ́n ń san fún un kéré sí ti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣe é, ó tún fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú ọmọ àti aláìsàn nínú ilé láìgba ohunkóhun, nígbà tó máa fi darúgbó kò sí pẹ́ńṣọ̀n, bẹ́ẹ̀ obìnrin ló sábà máa ń pẹ́ láyé ju ọkùnrin lọ, ìyẹn ni pé owó tó kéré jù náà ló máa fi gbé ọdún tó gùn jù. Tí ọkọ ẹ̀ bá wá kú, wọ́n tún lè gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́.

Wọ́n máa ń sọ pé tí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ ẹ̀ ló ń mu. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òkété ló lọ́mọ, òmíì sì wà tí ọmọ ẹ̀ gan-an ò rí jẹ. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ pé "ó lọ́mọ" yọ ẹnikẹ́ni kúrò lórí lísìtì. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà àti bàbá àgbà ló wà tó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n ń bọ́ ọmọ-ọmọ wọn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé tó bá máa fi di 2030, ẹnì kan nínú èèyàn mẹ́fà láyé á ti pé ọdún 60 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó bá sì máa di 2050 wọ́n á ti tó bílíọ̀nù 2.1, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn á sì wà láwọn orílẹ̀-èdè tí owó tó ń wọlé níbẹ̀ kéré tàbí tó mọ níwọ̀n. Kò sí àjọ aláàánú kankan tó lè gbé ìyẹn. Ẹ ní láti yàn, kẹ́ ẹ sì yan àwọn tí ọwọ́ ẹlòmíì ò lè tó.

Báwo lẹ ṣe máa rí wọn? Ẹ má pe ìpàdé láti fi wá wọn, torí ẹni tó nílò yín jù ò lè dé ìpàdé yẹn. Ẹni tó wà lórí ìdùbúlẹ̀ ò ní wá, ẹni tí ojú ẹ̀ ò ríran mọ́ ò ní wá, ìyá tó ń tọ́jú ọkọ tí àìsàn ìgbàgbé ń bá jà náà ò lè fi í sílẹ̀ wá jókòó síbẹ̀. Ẹ bi àwọn nọ́ọ̀sì, ẹ bi àwọn aládùúgbò, ẹ bi wọ́n pé "ta lẹ ò tíì rí níta láti bí oṣù mélòó kan?" kẹ́ ẹ wá lọ kan ilẹ̀kùn ẹni yẹn.

Ẹ tún wo ìṣirò tẹ́ ẹ gbára lé dáadáa. Ìwádìí ìlera ńlá tí wọ́n ń pè ní DHS, tí wọ́n ti ṣe láwọn orílẹ̀-èdè tó pọ̀, obìnrin ọdún 15 sí 49 ni wọ́n máa ń bi ní ìbéèrè tó kan obìnrin, ẹni tó bá ti pé 50, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́. Nínú àkọsílẹ̀ tiyín, ẹ má kàn kọ "60 sókè" kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Ẹ ya ẹni 60 sọ́tọ̀ sí ẹni 70, ẹ ya ìyẹn sọ́tọ̀ sí ẹni 80, ẹ kọ ọ́ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin, ẹ kọ ẹni tí wọ́n jọ ń gbé, tàbí pé òun nìkan ló ń dá gbé. Ibi tí ìrẹ́jẹ máa ń sá pamọ́ sí gan-an nìyẹn.

Ẹ jókòó tì wọ́n kẹ́ ẹ tó kọ bọ́jẹ́ẹ̀tì

Ní 1991, àjọ UN gbé ìlànà márùn-ún kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà: kí wọ́n lè dá dúró, kí wọ́n lè kópa, kí wọ́n rí ìtọ́jú, kí wọ́n láǹfààní láti lo ẹ̀bùn tó wà nínú wọn, kí wọ́n sì gbé pẹ̀lú iyì. Nínú márààrún, ti kíkópa yìí làwọn àjọ aláàánú máa ń fò jù. Wọ́n á jókòó sínú ọ́fíìsì, àwọn tó jẹ́ pé ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ò ju 45 lọ, wọ́n á pinnu ohun tó dáa fún ẹni 80.

Ẹ fi àwọn arúgbó sínú bọ́ọ̀dù yín àti kọmíti tó ń pín owó. Kì í ṣe ẹyọ kan o, ẹyọ kan á kàn máa jókòó wò yín ni, ẹ mú méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n lè máa wojú ara wọn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ẹ má sì mú àwọn tó ti ṣe ọ̀gá ńlá rí nìkan, ẹ mú ẹni tó mọ bó ṣe ń rí kéèyàn máa ka iye oògùn tó ṣẹ́ kù.

Ìpàdé yẹn fúnra ẹ̀ nílò ètò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fojú kéré èyí. Ẹ ṣe é ní òwúrọ̀ tàbí ọ̀sán, kí ilẹ̀ má bàa ṣú mọ́ wọn lọ́nà. Kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nítòsí, kó má ní àtẹ̀gùn, torí arúgbó tí kò bá mọ ibi tó máa ti tọ̀, ó máa kọ̀ láti mu omi látàárọ̀ ni, tàbí kó má wá rárá, kò sì ní sọ ìdí ẹ̀ fún yín. Kí àga ní apá, kí wọ́n lè rí nǹkan dì mú dìde. Kí ìwé tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà. Ẹ lo makirofóònù kódà tí yàrá ò bá tóbi, tí ẹ bá bi wọ́n pé "ṣé ẹ ń gbọ́?" ọ̀pọ̀ nínú wọn á ní bẹ́ẹ̀ ni, torí ojú ń tì wọ́n. Ẹ san owó ọkọ̀ fún wọn lọ́wọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀, ẹ má ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú rìsíìtì wá kẹ́ ẹ tó san án. Kẹ́ ẹ sì fún wọn lówó àkókò wọn bẹ́ ẹ ṣe máa fún olùdámọ̀ràn èyíkéyìí.

Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn ńlá fáwọn arúgbó, nígbà tí wọ́n wá bi wọ́n léèrè, ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ò ju kí wọ́n gbé ìjókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà ní ibi mẹ́rin, kí àwọn lè máa sinmi tí àwọn bá ń lọ sí ilé ìwòsàn. Ìjókòó mẹ́rin! Owó gbọ̀ngàn yẹn á ṣe irú ẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún àdúgbò.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an: ẹ bá wọn gba ohun tó jẹ́ tiwọn

Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ti ní owó kan tàbí ètò ìlera kan tó yẹ kó kan àwọn arúgbó, àmọ́ ọ̀nà tó dé ibẹ̀ ni kò ṣe é rìn. Wọ́n á ní kí ẹni tí wọ́n bí sílé ní ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn mú ìwé ìbí wá. Wọ́n á ní nọ́ńbà àṣírí máa wọlé sórí fóònù, fóònù náà sì jẹ́ ti ọmọ-ọmọ tó wà nílùú míì. Wọ́n á ní kó wá fi ara ẹ̀ hàn lọ́dọọdún pé òun ò tíì kú, ẹni tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Tí kò bá wá, wọ́n á yọ orúkọ ẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ló kọ̀ tí kò wá.

Ohun tẹ́ ẹ lè fowó ṣe níbí rèé. Ẹ gba àwọn èèyàn síṣẹ́, kẹ́ ẹ sì kọ́ wọn, àwọn tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa bá arúgbó lọ sí ọ́fíìsì, kí wọ́n bá a kọ fọ́ọ̀mù, kí wọ́n bá a wá ẹlẹ́rìí tó máa búra sí ọjọ́ orí ẹ̀, kí wọ́n sì padà lọ tí wọ́n bá dá wọn padà. Ẹ san owó ìwé ìbúra àti fọ́tò pélébé. Ẹ wá lọ́yà tó máa gba ẹjọ́ ilé àti ẹjọ́ ogún àwọn opó. Owó oṣù òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo, tó bá ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba owó oṣooṣù, ẹ bá mi ṣírò ohun tó máa wọlé fún wọn lọ́dún mẹ́wàá.

Àmọ́ ẹ má dúró síbẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá ń bá èèyàn kọ̀ọ̀kan fo ògiri nìkan, ògiri yẹn ò ní wó. Ẹ máa kọ ìdí tí wọ́n fi dá ẹnì kọ̀ọ̀kan padà sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ kó o lọ bá àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì yẹn, ẹ fi hàn wọ́n pé báyìí lèèyàn tí ẹ̀rọ ìka kọ̀ ṣe pọ̀ tó, ẹ ní kí wọ́n fàyè gba ojú tàbí fọ́tò tàbí ẹlẹ́rìí dípò ìka. Kí àwọn arúgbó fúnra wọn sì wà nínú yàrá yẹn, kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu ara wọn. Lórí ti gbogbo ayé pàápàá, ọ̀nà ti ń là: ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti àjọ UN fẹnu kò pé kí wọ́n dá ẹgbẹ́ ìṣiṣẹ́ kan sílẹ̀ tó máa kọ àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn àgbàlagbà. Àwọn tó ń lọ sírú ìpàdé bẹ́ẹ̀ máa ń nílò owó ọkọ̀ òfuurufú, ògbufọ̀, àti ẹni tó máa tẹ̀ lé wọn, àjọ aláàánú ló lè san án.

Ohun kan tún wà tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́. Tí owó bá ti ń wọlé fún arúgbó, àwọn kan á fẹ́ gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì lè jẹ́ ọmọ inú ilé. WHO sọ pé ní ọdún kan, bí ẹnì kan nínú mẹ́fà lára àwọn tó ti lé ní 60 tí wọ́n ń gbé láàárín ìlú ni wọ́n ń hùwà àìdáa sí lọ́nà kan tàbí òmíì, jíja èèyàn lólè owó ẹ̀ sì wà lára ẹ̀. Torí náà, kí òṣìṣẹ́ yín máa bá arúgbó sọ̀rọ̀ lóun nìkan, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má jókòó tì wọ́n, kó bi í pé ta ló ń lọ gba owó náà, èló ló sì ń dé ọwọ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀, ẹ má sáré lọ fa wàhálà lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin máa lọ sílé yín, òun ló máa wà nínú ilé pẹ̀lú wọn lálẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe.

Ìlera: ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ohun kékeré

Awò ojú. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn pẹ̀lú bátìrì ẹ̀. Ọ̀pá ìtìlẹ̀ tó bá gígùn ẹni tó ń lò ó mu. Irin tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ilé ìwẹ̀. Iṣẹ́ abẹ fún ojú tí nǹkan bíi kùrukùru ti bò. Èèyàn tó bá ríran tó sì gbọ́ràn, ìdajì ìdánìkanwà ẹ̀ ti lọ. Ẹ má gbàgbé owó ọkọ̀ lọ sílé ìwòsàn, ìtọ́jú lè jẹ́ ọ̀fẹ́ kí ọkọ̀ má jẹ́ ọ̀fẹ́.

Tẹ́ ẹ bá lówó tó pọ̀ díẹ̀, ẹ wo ohun tí John A. Hartford Foundation ní Amẹ́ríkà ṣe. Dípò kí wọ́n kàn máa sanwó ìtọ́jú fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àwọn àti àwọn míì pawọ́ pọ̀ gbé ìlànà kan kalẹ̀ fáwọn ọsibítù, pé kí wọ́n máa wo nǹkan mẹ́rin lára gbogbo arúgbó tó bá wọlé: ohun tó ṣe pàtàkì sí òun fúnra ẹ̀, oògùn tó ń lò, bí ọpọlọ àti ọkàn ẹ̀ ṣe wà, àti bó ṣe ń rìn. Èmi fẹ́ràn bó ṣe jẹ́ pé ohun tó ṣe pàtàkì sí i ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi í. Ẹnì kan lè má wá kí ẹsẹ̀ má dun òun mọ́, kó jẹ́ pé ohun tó ń wá ni kóun lè gun àtẹ̀gùn ilé ọmọ òun.

Ẹ má sọ wọ́n di ẹni tó ń nawọ́ gbà nìkan

Arúgbó ṣoge rí, àkísà lògbà rí. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ti kọ́lé, wọ́n ti tọ́mọ, wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń tu èèyàn nínú. Ní Zimbabwe, dókítà ọpọlọ kan tó ń jẹ́ Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 2006 tí wọ́n ń pè ní Friendship Bench, wọ́n kọ́ àwọn ìyá àgbà ní bí wọ́n ṣe máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ẹni tí ìbànújẹ́ ti dorí ẹ̀ kodò, kí wọ́n gbọ́ ọ, kí wọ́n sì bá a wá ojútùú sí ìṣòro ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ẹ̀, tó jáde ní 2016 nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA, fi hàn pé ara àwọn tó bá wọn jókòó yá ju tàwọn tó gba ìtọ́jú tó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá àgbà ni dókítà níbẹ̀ o.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ẹ sanwó fún wọn. Mo rí àwọn àjọ tó ń sanwó fún ọ̀dọ́ tó ń tẹ nǹkan sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á wá ní kí ìyá tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an máa fi ṣàánú. Ìrẹ́jẹ tá à ń sọ náà nìyẹn, inú ilé yín ló ti tún ń ṣẹlẹ̀. Ìròyìn tí WHO gbé jáde ní 2021 sọ pé ẹnì kan nínú méjì láyé ló ń fojú yẹpẹrẹ wo àwọn arúgbó, ẹ má rò pé àwọn òṣìṣẹ́ àjọ aláàánú ò sí nínú wọn. Ẹ ka ìwé tẹ́ ẹ fi ń pe àwọn ẹgbẹ́ pé kí wọ́n wá béèrè owó lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ wò ó bóyá "àwọn ọ̀dọ́, àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé" ló kún ibẹ̀ tí ẹni 75 ò sí níbì kankan.

Bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ máa fún èèyàn lówó

Ètò tẹ́ ẹ bá ń fún lówó, ọdún mẹ́ta ló kéré jù, tó bá lè pé márùn-ún kó pé e. Ètò olóṣù mẹ́fà fún arúgbó dà bíi kéèyàn kọ́ ẹni tó ń dá gbé láti máa retí ẹ lọ́jọ́ Tuesday, kéèyàn wá dáwọ́ dúró. Ẹ fún àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí àwọn arúgbó fúnra wọn dá sílẹ̀ lówó, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n lò ó fún ohun tí wọ́n bá rí pé ó yẹ, títí kan owó ilé àti iná. Fọ́ọ̀mù yín kó má ju ojú ìwé méjì lọ, kí wọ́n sì lè fẹnu sọ ọ́ dípò kí wọ́n kọ ọ́.

Tẹ́ ẹ bá máa lọ, ẹ sọ ọ́ ṣáájú. Atlantic Philanthropies, àjọ aláàánú tí olówó ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Chuck Feeney dá sílẹ̀ ní 1982, tó náwó gan-an lórí ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà ní Ireland àti Amẹ́ríkà, ti sọ láti ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú pé gbogbo owó àwọn làwọn máa ná tán káwọn tó tilẹ̀kùn, wọ́n sì tì í ní 2020 lóòótọ́. Èèyàn lè má fara mọ́ ọn pé kí wọ́n ná an tán, àmọ́ ó kéré tán, àwọn tí wọ́n ń fún lówó mọ ọjọ́.

Ti fọ́tò, ẹ gba àyè lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yà, kẹ́ ẹ tó fún un ní nǹkan, torí lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fún un, kò lè sọ pé rárá mọ́.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ yín ń lọ, ẹ má ka báàgì. Ẹ ka iye èèyàn tó ti ń gba owó oṣooṣù tí kò gbà á tẹ́lẹ̀, iye tó ṣì ń gbà á lẹ́yìn ọdún kan, iye tó ti ń jáde nílé. Ẹ padà lọ bi wọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹni tó fún wọn ní nǹkan ló máa lọ bi wọ́n.

Ìyá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ọmọbìnrin kan láti ẹgbẹ́ kékeré kan ló padà bá a lọ sí ọ́fíìsì yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni ọmọ yẹn béèrè bóyá kò sí fọ́ọ̀mù míì fáwọn tí ẹ̀rọ ò mọ̀, akọ̀wé fa dúrọ́ọ̀ yọ, fọ́ọ̀mù náà wà níbẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí owó àkọ́kọ́ wọlé, ìyá náà ò tíì ná nínú ẹ̀ tó fi di ọwọ́ ọmọ yẹn mú, ó ní kó jọ̀ọ́, kó dúró díẹ̀, ó mú un lọ sí ilé kẹta sí tiẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn ìyá míì tí wọ́n jọ ń fọṣọ tẹ́lẹ̀, ó ní, "Ìwọ náà na ọwọ́ ẹ síta, jẹ́ kó wò ó."